Ìgò Ọmọ Àbúrò Mi ní Ìkìrun

Ìgò náà kò tóbi ju èyí tí wọ́n fi ń ta oògùn ikọ́ lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi náà ni mo sọ fún ìyá ọmọ pé kò ní bàjẹ́. Nítorí náà, ẹnu mi ló yẹ kí ìtàn rẹ̀ ti jáde.

Inísà ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi obìnrin sí. Òkukù ló relé ọkọ sí, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọmọ méjì ló bí fún un: ọkùnrin kan, àti obìnrin kan tó tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún kí a tó gba òmìnira, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé eyín ló ń dùn ún, wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwú náà ti tó ọsàn, eyín ọmọ náà sì ń mì bí ìgbà tí wọ́n kàn gún wọn mọ́ inú ẹ̀kọ.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkìrun nígbà náà, mo sì ti ń kọ ìròyìn díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òkukù, mo pàdé wọn ní ibùdókọ̀, a sì jọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ìlú, níbi tí òyìnbó kan ti ń ṣe dókítà.

Dókítà náà fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, kò sì pẹ́ tó fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ gé bíńtín nínú ìwú náà, kí òun fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Wọ́n á fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó níbẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n á dá a padà?"

"Kí ni?"

"Èyí tí wọ́n bá gé."

Mo rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ara ọmọ mi ni."

"Jẹ́ kí wọ́n gé e," mo ní. "Ìwé ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn."

Ohun tí wọ́n gé kò ju èso ẹ̀wà kan lọ. Dókítà sọ ọ́ sínú ìgò tí oògùn wà nínú rẹ̀, oògùn kan tó mọ́ bí omi ṣùgbọ́n tó ń ta ojú àti imú. Fọ́málìn ni wọ́n ń pè é. Bàbá kan tó ń tọ́jú yàrá oògùn wọn lẹ ìwé pélébé mọ́ ìgò náà lára, ó kọ orúkọ ọmọ sí i, ó sì gbé e lé pẹpẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ náà kú ní Òkukù.

Àwọn ọkùnrin ilé ló lọ sin ín. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Wọn kò jẹ́ kí àbúrò mi jáde nínú yàrá títí wọ́n fi dé, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un títí di òní olónìí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún gbogbo èèyàn. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé òun ló fa gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Kò tó oṣù kan tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀. Ìṣojú mi ló ti sọ èyí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, bó ṣe ń ṣa ẹ̀gúsí:

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ o. Mo kàn ń wò ni. Ọmọ ń rù, ìyá rẹ̀ ń dán."

Ọkọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Igi tó ń fá ló ń wò. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní àìsàn ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, pé ìwé ń bọ̀ láti Ìbàdàn tí yóò sọ orúkọ àìsàn náà.

Baálé ilé wọn, bàbá arúgbó kan tí kì í pariwo, ronú sí i. "Ó dáa," bàbá náà ní. "Àna wa, olùkọ́, ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ìwé bá dé, tó sọ pé àìsàn ló pa ọmọ wa, kí ìyàwó padà wálé, kó wá gbá ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ra. Kí ìwé tó dé, kó máa bá yín gbé ní Inísà. Ọmọ ò ní bá a lọ."

Ìwé tí mo fẹ́ fi gbà á sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn tì í mọ́ta.

Mo dúró fún oṣù mẹ́ta kí n tó lọ béèrè. Bàbá tó ń tọ́jú yàrá oògùn mú mi wọ ẹ̀yìn. Ìgò náà wà lórí pẹpẹ, níbi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Dókítà ló ní kí n má tíì fi ránṣẹ́, pé òun fẹ́ kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e," bàbá náà ní. "Ó ti gba ìsinmi lọ sílùú rẹ̀. Kò kọ ọ́."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Olùkọ́, wọ́n ti gbé òmíràn wá rọ́pò rẹ̀."

Dókítà tuntun náà kò mọ nǹkan kan nípa ọmọ náà, àwọn tó wà láàyè sì ti tò jọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní kí ìgò náà ṣì wà níbẹ̀, pé bí àyè bá yọ, òun á fi ránṣẹ́. "Kì í bàjẹ́ nínú oògùn yẹn," ó ní. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sí Inísà fún àbúrò mi: kì í bàjẹ́. Ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun rí i.

Bó ṣe di ohun tó ń lọ bẹ̀ wò nìyẹn. Ọṣẹ dúdú ló ń tà, ó sì máa ń gbé e wá sí ọjà Ìkìrun. Tó bá ti tà tán, á gba ilé ìwòsàn lọ. Ohun tí bàbá yàrá oògùn sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo kọ sílẹ̀ yìí: "Á jókòó lórí àpótí, á gbé ìgò lé itan. Kì í sunkún. Nígbà mìíràn á ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń dé.' Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń rí nínú rẹ̀. Ó ní, 'Bàbá, wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín hàn mí. Ibí ni mo mọ̀.'"

Èmi ti kúrò ní Ìkìrun nígbà náà. Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, mo ń kọ ìròyìn ní Ìbàdàn. Òmìnira dé, mo kọ ìròyìn rẹ̀. Ìbò dé, mo kọ ọ́. Mo máa ń béèrè ìgò náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dókítà á máa pàrọ̀, ìdáhùn kò sì yàtọ̀. Àbúrò mi kò lọ sílé ọkọ mìíràn mọ́. Àwọn Aládùúrà gbà á sínú ìjọ wọn ní Inísà, ó ń gbá ilẹ̀ ilé àdúrà, ó ń ta ọṣẹ. Òkukù kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Inísà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin pé bó bá rí ìyá rẹ̀ lọ́nà, kó yà sí ọ̀nà kejì. Ọmọ náà ń yà. Àbúrò mi máa ń sọ aṣọ tó rí lọ́rùn rẹ̀ fún mi. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú ọmọkùnrin yẹn, mo pàdé ọ̀dọ́ dókítà kan ní Ìbàdàn, Yorùbá bíi tiwa, tó ń ṣe ìwádìí lórí ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Ó ń lọ káàkiri àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, ó ń ṣa àwọn ìgò àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Mo ní mo mọ ìgò kan. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, a jọ lọ sí Ìkìrun.

Pẹpẹ mẹ́ta ló kún. Kòkòrò ti jẹ ìwé ara ìgò mìíràn, táwa kò fi mọ ẹni tó ni ín. Tàdáwà ti ṣá lára àwọn mìíràn. Nínú gbogbo wọn, mẹ́rin péré ló jẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé tó sì ní orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni tiwa. Dókítà náà fi òwú dì wọ́n sínú páálí, ó sì gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

"Àwọn èèyàn rò pé ohun tó bá ti wọ inú oògùn yìí ti dúró sójú kan nìyẹn," ó ní. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń tọ́jú ẹran náà ló ń yí i padà. Bó bá pẹ́, oògùn náà á kan. Á sọ ẹran di líle bí awọ bàtà. Á fi èérí dúdú wínníwínní sí i lára, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa pè é ní àrùn. Aró tí a fi ń rẹ ẹ́ ká lè rí i kì í fẹ́ mú un mọ́."

"Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan nìyẹn?"

"A rí i. Mẹ́ta nínú mẹ́rin, ojú wọn ti yí padà, ṣùgbọ́n mo ṣì dá wọn mọ̀. Àìsàn kan náà ni. Ọmọ kan láti Ìbà, méjì láti Ìkìrun."

Mo mọ èyí tó kù.

"Ti ọmọ àbúrò yín kò le, kò sì ní èérí. Ó rọ̀. Ó ti jẹrà. Bí mo ṣe fi ọ̀bẹ kàn án ló ń fọ́. Omi ló wà nínú ìgò yẹn, kì í ṣe oògùn. Ẹnìkan ti ń bu omi sí i."

Mo padà sí Ìkìrun lọ́jọ́ kejì. Bàbá yàrá oògùn ti fẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà yẹn.

"Bàbá, ta ló ń bu omi sínú àwọn ìgò yẹn?"

"Omi kẹ̀? Oògùn ni mò ń bù sí wọn. Tí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo wọn ló ń fà. Mo máa ń fi oògùn kún wọn padà."

"Omi wà nínú ọ̀kan."

Bàbá náà ṣí fìlà lórí. "Ìyẹn kì í ṣe omi lásán," ó ní. "Omi àdúrà ni."

Mi ò lè kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Mo kàn ń gbọ́ ni.

"Àbúrò yín ló ń gbé e wá láti Inísà. Ọdún tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fa ìgò náà dé ìdajì, ó ké mọ́ mi. Ó ní, 'Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi.' Mo ní oògùn ò sí nílẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé. Ó ní ṣé kí òun bu díẹ̀ sí i. Olùkọ́, ẹ dákun, Áńgílíkà ni mí, èmi kì í ṣe Aládùúrà. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá sọ fún abiyamọ pé omi tí wọ́n gbàdúrà sí ń ba nǹkan jẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni?"

"Ọdọọdún ni. Ó ní kí n má fi oògùn mi kún un mọ́, pé ó ń ta ojú, pé òun á máa bu omi ọmọ òun fúnra òun."

Àwọn ìgò yòókù tí kò ní ìyá tó ń bẹ̀ wọ́n wò, oògùn ni wọ́n mu. Àwọn ni wọ́n lè jẹ́rìí.

Dókítà náà kọ lẹ́tà kan fún mi, ní èdè òyìnbó. Ó ní ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó pa àwọn ọmọ mẹ́ta ní agbègbè yẹn láàárín ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ àìsàn kan náà, pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn nípa ọmọ kẹrin bá tiwọn mu, àti pé ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé òun náà ló pa á. Lẹ́yìn náà ló wá kọ gbólóhùn kan: a kò lè fi ìgò ti ọmọ yìí jẹ́rìí, nítorí pé ẹnìkan ti ń bu omi sínú rẹ̀.

"Ẹ bá mi yọ èyí kúrò," mo ní.

"Ẹ̀yin oníròyìn," ó ní, "ẹ̀yin náà lẹ máa ń pariwo bí a bá fi nǹkan pamọ́." Kò yọ ọ́.

A lọ sí Òkukù ní ọ̀sán Sátidé kan. Àbúrò mi wọ aṣọ tó ti ká sílẹ̀ láti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀. Gbogbo ilé jókòó: baálé ilé, ìyá ọkọ, ọkọ tí irun rẹ̀ ti ń funfun, àti ọmọbìnrin náà, tó ti jáde ìwé mẹ́fà, tó ti wọ ilé ìwé módà, tó dúró sẹ́yìn àga ìyá bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àbúrò mi gbé ojú sí i, ó sì yára gbé e kúrò, bí ẹni tí wọ́n lè gba ohun tó wò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà náà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi gbólóhùn omi, mo fò ó.

"Ó ṣeé ṣe," ìyá ọkọ ní. "'Ó ṣeé ṣe' kì í ṣe 'bẹ́ẹ̀ ni.'"

"Dókítà kì í búra, ìyá," baálé ilé ní. "Ọmọ mẹ́ta láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà. Ṣé ìyàwó wa ló jẹ ti Ìbà náà ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé bàbá náà ti ń mi orí sókè sódò. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí.

"Mi ò bá yín jà," ìyá ọkọ ní. "Ṣùgbọ́n a ti ń rán ọmọ yìí ní ìwé látìgbà tó ti wà ní kékeré. Kó kà á kí n gbọ́. Ó yẹ kí ìwé tó kà wúlò fún ilé lọ́jọ́ kan."

Kò sí bí mo ṣe lè fà á padà. Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ń kà á lédè òyìnbó ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á sì túmọ̀ rẹ̀, kò fo nǹkan kan.

"'Ẹnìkan ti ń bu omi sínú ìgò náà.'"

Ó gbójú sókè. Ó wò mí, nítorí pé kò gbọ́ ọ nínú tèmi.

"Ta ni?" baálé ilé béèrè.

"Èmi ni," àbúrò mi ní. "Omi àdúrà ni, bàbá. Ó ń gbẹ ni."

Ìyá ọkọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ò rí i? Ẹni tó jẹ ọbẹ̀ náà ló fọ ìkòkò."

Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ọyẹ́, mo sọ ti ibojì tí wọn kò fi hàn án, mo sọ ti oògùn tí kò sí. Baálé ilé gbọ́ mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà wá yíjú sí mi.

"Olùkọ́, ẹ fo ibẹ̀."

"Mo fò ó, bàbá."

"Kí ló dé?"

Mo ń wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Èèyàn kì í fo ibi tí kò sí kòtò," bàbá náà ní, láìbínú. "Ká ní ẹ kà á fún wa ni, ǹ bá bi í, ì bá sì ṣàlàyé, mo mọ̀ pé ǹ bá gbà á gbọ́. Ní báyìí, ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́?" Ó dìde. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ náà ká lẹ́tà náà dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi, ó sì tẹ̀ lé ìyá bàbá rẹ̀ wọlé.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ti pẹ́. Mo ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìgò yẹn ńkọ́?"

"Ó wà ní Ìbàdàn."

"Wọn ò ní dá a padà nìyẹn."

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́."

Ó mi orí. Kò béèrè bóyá omi rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ó ti gbọ́ ọ. Ohun tó wá sọ kò sí lọ́kàn mi rárá.

"Ó mọ̀wé o, ẹ̀gbọ́n mi. Kò fo nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó jọ ti ìyá wa."

"Mo gbọ́ ọ."

"Báwo ló ṣe ka ibẹ̀ yẹn? Èyí tó kà kẹ́yìn."

"Má wulẹ̀ dá ara rẹ lóró."

"Ẹ kà á fún mi. Kì í ṣe bíi tiyín. Bó ṣe kà á ni kí ẹ kà á."

Mo tú lẹ́tà náà. Mo rọra kà á, mo dúró níbi tí ọmọ náà ti dúró: "Ẹnìkan ti ń bu omi sínú ìgò náà."

Àbúrò mi di ojú, ó ń tẹ́tí.

"Ẹ tún un kà," ó ní.

Mo tún un kà.